Orin Tí Émótà Kọ Níbi Ọtí Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìtan àgbọ̀nrín kan, tòun ti awọ àti pátákò, ni Émótà bá lẹ́nu ọ̀nà wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìkùukùu ṣì bo abúlé Kẹ́tẹ́bì mọ́lẹ̀ bí aṣọ. Láti ọ̀nà jíjìn, fèrè àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ọba dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ara ẹran náà kò tíì gbẹ. Émótà dúró, korobá omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tí ń tiro wọ inú igbó lọ. Kò sí ẹni tí a bí ní Kẹ́tẹ́bì tí yóò ṣì í mọ̀. Gámẹ́lì ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ.

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n fi ẹ̀sùn kan Gámẹ́lì pé ó ta ọfà lu ẹran ọba, èyí tí òfin kà léèwọ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní kóòtù àgbègbè, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kò sì yọjú. Láti ọjọ́ karùn-ún náà ni òfin ti kọ̀ ọ́: kò ní ilé, kò ní ilẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì pa á, bí ẹni pa ìkookò ni. Inú igbó ni ó ń gbé.

Àwọn òbí a máa bẹ̀rù irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kì í bẹ̀rù rẹ̀, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ orin ọkùnrin inú igbó ayé àtijọ́, ẹni tí ń gba lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ tí ń fi fún tálákà, tí ọfà rẹ̀ kì í tàsé, tí kì í fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdè. Émótà mọ àwọn orin náà ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Ọlọ́run sì fún un ní ohùn tí ń dá ẹni tí ń kọjá lọ dúró.

"Ìyá! Ìyá, ẹ dìde, ẹ wá wo nǹkan!"

Ìdónéà, ìyá rẹ̀, yọ orí síta. "Èwo tún ni ariwo ní kùtù... Olúwa mi ò! Gbé e wọlé! Gbé e wọlé kíákíá, kí o sì ti ilẹ̀kùn!"

Hámò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti dìde lórí koríko tí ó fi ṣe ibùsùn. Ọmọ ogún ọdún ni Hámò. Òun ni ó ń túlẹ̀ fún wọn láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ó wo ìtan ẹran náà bí ẹni wo ejò.

"Ta ló gbé e wá?"

"Gámẹ́lì ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe wà nínú orin gẹ́lẹ́ ni!"

"Orin kọ́, ijó ni. Ṣé o mọ ohun tí òfin sọ? Kí a ké ìbòsí nísinsìnyí, kí ilé mẹ́rin tó sún mọ́ wa jáde, kí á jọ lé e."

"Bí a bá ké, wọ́n á pa á!"

"Bí a ò bá ké, a ti di ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Ìdónéà ṣí ìkòkò orí ààrò. Ewé èsìsì àti èrèé díẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkà báálì ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìkórè sì ku oṣù méjì gbáko. "Ọjọ́ wo la jẹ ẹran kẹ́yìn nílé yìí?" ni ó bi wọ́n. Ajá wọn, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti gé èékánná iwájú rẹ̀ mẹ́ta kí ó má baà lè lé ẹran ọba, ń lá ẹ̀jẹ̀ tí ó kán sílẹ̀.

Wọ́n jẹ ẹ́. Ebi ni ó bá wọn parí àríyànjiyàn náà. Wọ́n fi iyọ̀ sí èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ìkòkò, Hámò sì gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ó ri egungun, awọ àti pátákò mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ó tẹ ilẹ̀ náà tán, ó dojú kọ àbúrò rẹ̀.

"Émótà, níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ yìí parí sí. Kò gbọdọ̀ dé etí àlùfáà. Kò gbọdọ̀ dé etí Sàbínà ẹgbẹ́ rẹ."

"Mo gbọ́."

"Mi ò ní kí o gbọ́. Mo ní kí o ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó sì ní in lọ́kàn láti pa á mọ́.

* * *

Ní ọjọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n ṣe Ọtí Ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin pọn ọtí ọkà, gbogbo ará abúlé péjọ sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, èrè ọtí náà ni wọn yóò sì fi tún òrùlé ilé Ọlọ́run ṣe. Ìdónéà kò lọ, nítorí orókùn rẹ̀ ń dùn ún. Hámò wà láàárín àwọn ọkùnrin. Lábẹ́ igi ńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Dírógò, olórí ẹ̀ṣọ́ igbó ní àgbègbè náà, jókòó jẹ́jẹ́ sídìí ife rẹ̀. Kì í pariwo. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa sọ pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni kí ènìyàn máa ṣọ́.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Émótà kí ó wá kọrin. Ó dìde, ó tún gèlè orí rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó máa ń kọ. Kò tíì dé ìlà kẹta tí Sàbínà fi bú sẹ́rìn-ín. Sàbínà ni ọmọbìnrin ọkùnrin tí ó ni ilé ìlọkà. Bàtà rẹ̀ ní ìdè pupa, ó sì ti lọ sí ìlú ńlá lẹ́ẹ̀mejì.

"Émótà, jọ̀ọ́, gbà wá! Lọ́dọọdún, ọkùnrin inú igbó. Lọ́dọọdún, ọfà kò tàsé. Ọkùnrin yẹn ti kú, egungun rẹ̀ ti di eruku! Orin tuntun ni wọ́n ń kọ ní ìlú ńlá."

Àwọn ọmọge ìyókù rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni ọ̀kan wí. "Ohùn ló ní, kò ní ọpọlọ. Ohun tí ìyá-ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló mọ̀."

Ojú Émótà gbóná bí ẹni pé wọ́n gbá a létí. Orin tuntun wà nínú rẹ̀. Ó ti ń tò ó pọ̀ ní oko èrèé láti ọjọ́ mẹ́wàá wá, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, nítorí pé ó dùn mọ́ ọn láti máa rò ó. Ó rántí ìlérí rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní dárúkọ ilé, pé orin lásán ni, pé ta ni ó ń fi orin ṣe ẹ̀rí? Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ máa ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé kò sí ọkùnrin inú igbó mọ́?" ni ó wí, ó sì la ẹnu:

"Gámẹ́lì rìn nínú ìrì,
Ó ru ìtan ẹran ọba;
Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀,
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà opó,
Ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí kànga,
Ibi tí ìkòkò ti ń hó lásán."

Àtẹ́wọ́ bẹ́ sílẹ̀ bí òjò ní gbogbo àgbàlá. Àwọn ọkùnrin ń fi ife lu tábìlì. Ẹsẹ̀ Émótà kò kan ilẹ̀ mọ́. Kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ fún un rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Dírógò gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi, ohùn rẹ dára púpọ̀. Ta ló kọ́ ọ ní orin yẹn?"

"Èmi fúnra mi ni mo tò ó, Ọ̀gá."

"Ìwọ fúnra rẹ! Háà, orí rẹ pé. Jọ̀wọ́, tún un kọ fún mi, láti ibi tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àgbà ti ń dé, etí mi kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan mọ́."

Émótà gbójú sókè, ó rí Hámò ní òdìkejì àgbàlá. Ife dúró sí ẹnu rẹ̀, kò mu, kò sì gbé e kúrò. Ó mi orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ń ké pé, "Tún un kọ! Tún un kọ!" Sàbínà pàápàá ń pàtẹ́wọ́.

Émótà sì tún un kọ.

* * *

Opó mẹ́rin ni ó wà ní Kẹ́tẹ́bì. Ilẹ̀kùn ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó kọjú sí kànga.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dírógò dé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ igbó mẹ́fà àti àwọn àgbààgbà abúlé mẹ́rin, nítorí pé òfin igbó béèrè pé kí abúlé mẹ́rin jẹ́rìí sí ikú ẹran ọba kan, bí ẹni pé ènìyàn ni ó kú. Wọn kò pariwo, wọn kò lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá gún ilẹ̀ yí ààrò ká títí tí ó fi wọlé ní ibi tí ó rọ̀. Pátákò ni ó kọ́kọ́ jáde.

"Ta ló gba ẹran yìí nínú yín?" ni Dírógò béèrè.

Émótà ni ó gbé e wọlé. Émótà ni kò jẹ́ kí wọ́n ké ìbòsí. Gbogbo rẹ̀ wà ní orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n tí ó yá gágá ní àná ti wúwo bí òkúta.

"Èmi ni," ni Hámò wí. "Èmi ni mo gbà á, èmi ni mo rì í. Ìyá mi àti àbúrò mi rò pé ẹran àgùntàn ni."

Dírógò wo Émótà fún ìgbà pípẹ́. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi?"

Hámò ń wò ó. Émótà wolẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti kòkòrò lọ.

Wọ́n kó ẹran tí ó ṣẹ́kù lọ fún àwọn adẹ́tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Wọ́n so ọwọ́ Hámò, wọ́n sì mú un lọ sí túbú ìlú ńlá, kí ó máa dúró de àwọn adájọ́ igbó. Nígbà wo ni àwọn adájọ́ náà yóò dé? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti wá kẹ́yìn.

* * *

Túbú kì í bọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń gbé oúnjẹ lọ. Ní Sátidé, Ìdónéà ṣe búrẹ́dì kan pẹ̀lú ọkà tí aládùúgbò fún un, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Émótà kò gba ọ̀nà ìlú lọ tààrà. Ó yà sínú igbó, ó sì dé ibi tí àwọn aṣèédú ti ń sun igi; àwọn ni wọ́n júwe ibi tí Gámẹ́lì wà fún un. Ó ti dá a lójú pé bí Gámẹ́lì bá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, yóò wá fi ara rẹ̀ hàn. Kò ha rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo orin?

Ó bá a lábẹ́ ẹ̀ka igi tí wọ́n fi ewé bò. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti lọ́ pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, aṣọ rẹ̀ ń rùn bí awọ tútù. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tàn nígbà tí ó rí i.

"Háà! Akọrin mi! Àwọn aṣèédú ti sọ fún mi. Wọ́n gbìyànjú láti kọ ọ́, ohùn wọn ò dáa. Jókòó, kọ ọ́ fún mi kí n gbọ́."

"Wọ́n ti mú Hámò, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbọ́. Ó mà ṣe o. Kọ ọ́ ná."

"Nítorí ẹran tí ẹ fún wa ni wọ́n ṣe mú un! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ pa á."

Gámẹ́lì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. "Mo fún yín? Ta ló sọ fún ọ pé mo fún yín? Mo gbọ́ fèrè àwọn ẹ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rò pé èmi ni wọ́n ń lé. Ẹrù wúwo, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ilé yín ló kángun sí igbó. Mo jù ú sílẹ̀ kí n lè sáré, ó tán."

Émótà dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

"Bí mo bá sì jáde," ni Gámẹ́lì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "wọ́n á bẹ́ mi lórí, Hámò á sì wà níbi tó wà. Ẹni tó pa ẹran àti ẹni tó jẹ ẹ́, ọ̀kan náà ni lójú wọn."

"Ṣùgbọ́n nínú orin..."

"Ta ló kọ orin?"

Ojú Gámẹ́lì ti kúrò lára rẹ̀, ó ti bọ́ sórí àpò tí ó gbé kọ́ èjìká.

"Búrẹ́dì nìyẹn?"

"Ti Hámò ni."

"Hámò wà lábẹ́ òrùlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò tíì jẹun. Gbé e wá."

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Émótà ké. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń bá a sọ. "Olè ni ọ́! Olè lásán!"

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin náà le. Ó já àpò náà gbà, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì opó bí ajá tí ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Ọwọ́ òfo ni Émótà fi dé ẹnu fèrèsé onírin túbú ní Sátidé náà. "Kò burú," ni Hámò wí láti inú òkùnkùn. "Máa mú un bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Kò bi í léèrè ohun tí ó fà á. Kò dárúkọ orin náà rárá, ìyẹn ni ó sì dun Émótà jù. Kí ó bú òun ìbá sàn.

* * *

Ìkórè dé, ìkórè kọjá. Kò sí ọkùnrin tí yóò gé ọkà wọn; òjò ba ìdajì rẹ̀ jẹ́ nínú oko. Ní gbogbo Sátidé, Émótà ń lọ, ó ń bọ̀. Ohùn tí ń dáhùn láti inú fèrèsé náà ń kéré sí i, ikọ́ sì ń pọ̀ sí i. Àwọn adájọ́ kò dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìgbà òtútù, ẹ̀ṣọ́ túbú kò jẹ́ kí ó dé ẹnu fèrèsé.

"Àbúrò Hámò ni ọ́? Ibà mú un. Ọjọ́rú ló kú. A ti sin ín pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn." Ó na ẹ̀wù kan sí i. "Èyí nìkan ló ní."

Émótà ká ẹ̀wù náà sábẹ́ apá, ó yí padà. Ní etí odò, àwọn ènìyàn ń dúró de ọkọ̀, alárìnkiri kan tí ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú sì ń dá wọn lára yá. Orin ni ó ń kọ fún wọn. Orin Gámẹ́lì ni. Ṣùgbọ́n ó ti gùn ju bí Émótà ti tò ó lọ: Gámẹ́lì fọ́ ilẹ̀kùn túbú, Gámẹ́lì gbé Hámò lé ẹ̀yìn ẹṣin, àwọn méjèèjì sì ń jẹ ẹran ọba lábẹ́ igi títí di òní.

"Irọ́ ni," ni Émótà wí.

Alárìnkiri náà wò ó. "Kí ló dé, ọmọge? Kò dùn mọ́ ọ ni?"

"Hámò kú ní Ọjọ́rú. Ẹ̀wù rẹ̀ nìyí. Gámẹ́lì kò wá. Gámẹ́lì jẹ búrẹ́dì rẹ̀."

Obìnrin kan pòṣé. "Má wulẹ̀ bà á jẹ́ fún wa, jàre. Òtútù ti pọ̀ tó."

"Ó lè jẹ́ òótọ́ o," ni alárìnkiri wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ irú èyí?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti dúró, àwọn ènìyàn sì ń gbè é.

Ìdónéà wà lẹ́bàá ààrò nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó rí ẹ̀wù náà kí Émótà tó sọ ohunkóhun. Ó gbà á, ó tẹ́ ẹ lé orókùn, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ gbogbo ibi tí ó ti rún títí ó fi tẹ́jú.

"Ó dáa," ni ó wí. "Kọrin báyìí."

Émótà la ẹnu, kò sí ohun tí ó jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe sọ pé ebi ni ó ba ti Hámò jẹ́, nítorí pé wọ́n ti jẹ ẹran náà, wọ́n sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìlérí tí Émótà fi ìyìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tà ni ó hú u jáde, ẹnu tí ó kọ̀ láti jẹ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sì ni ó pa á. Ẹ má gbàgbé pẹ̀lú pé akọni tí a ń gbọ́ nínú orin kì í wá jẹ ìyà tí ó tọ́ sí wa ní ipò wa. Gbogbo àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà ni wọ́n padà sílé wọn ní àlàáfíà, wọ́n jẹun, wọ́n sì sùn. Hámò nìkan ni kò padà.